Ojú Ààrò Ni Wọ́n Fi Ń Ka Ilé

Ọkọ ni mo jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyàwó ni mo jẹ́ ní Ọ̀yọ́. Obìnrin ni mí o, ẹ má bẹ̀rù. Bí mo bá dé ilé bàbá mi ní Òkè Ẹlẹ́rìn, àwọn ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti bí mi, tí àwọn náà ti ń jẹ́ ìyá àgbà báyìí, á kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ní, “Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Àwọn ọmọ ń kọ́?” Èmi náà á gba ìkíni yẹn bí ẹni gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí mo bá wọ mọ́tò ní Tákíè tí mo sọ̀ sí Ọ̀yọ́, gbogbo ọlá náà tán nìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà ní ilé ọkọ mi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ó ti ń gun ọ̀kadà báyìí, ó tilẹ̀ jẹ mí lówó, síbẹ̀ “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, mi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo ti ń wo agboolé láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí mo rí ni pé orúkọ ọkùnrin ni ilé ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ló mọ̀ ọ́n délẹ̀. Wọ́n fẹ́ wọn wá láti ibòmíràn, wọn ò ní jogún nínú rẹ̀, wọn kì í sì í lanu níbi ìpàdé ẹbí àfi bí wọ́n bá bi wọ́n. Bí baálé bá wá kú tán, àwọn obìnrin yìí gan-an ni wọ́n ń fi pín ilé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Nítorí náà, ó ní láti wá orúkọ tirẹ̀ fún wọn. Àwọn kan wà tí gbogbo ayé mọ̀: Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Òpèlénge, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé síléètì. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá lójú á wo ọmọ náà dáadáa kó tó sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa sọ àbúrò bàbá mi kan ní Ṣókù, torí kò sí ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí kì í béèrè pé ṣé ó kù. Ọkùnrin náà di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama, ó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi í joyè ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí dòní “Bàbá Ṣókù” ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń dáhùn.

Ohun tó wù mí nínú àṣà yìí ni pé ọ̀wọ̀ ló wà lókè rẹ̀, ìdájọ́ ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ilé ló ń sọ gbogbo ilé lórúkọ bó ṣe rí wọn sí, orúkọ yẹn á sì lẹ̀ mọ́ èèyàn ju èyí tí wọ́n pe àgbà jọ sọ lọ́jọ́ kẹjọ. Èmi náà ti sọ tèmi ní Ọ̀yọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ mi níbẹ̀ ń jẹ́ Má-tètè-jí. Mi ò ní ṣàlàyé.

Ilé tí mò ń wí yìí kò jọ èyí tí à ń kọ́ nísinsìnyí. Onígun mẹ́rin ni agboolé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó yí gbàgede po. Amọ̀ ni ògiri, koríko bẹẹrẹ ni òrùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gùn lọ níwájú gbogbo yàrá, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni tonílé tàlejò ń gbà. Bẹẹrẹ ọ̀hún kì í ṣe koríko yẹpẹrẹ. Ọdún odidi kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ní Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin á máa ru ú wá kí wọ́n lè fi bo ààfin. Inú yàrá ṣókùnkùn, ó sì tutù. Oorun ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sùn, ẹrù ni wọ́n ń kó sí i. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ayé wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ayò. Ibẹ̀ náà ni obìnrin ti ń gbé òfì rẹ̀ ti ògiri tó ń hun kíjìpá. Òfì ọkùnrin á wà níta gbangba, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ti orí rẹ̀ jáde. Ti obìnrin á dúró ṣánṣán nínú ilé, aṣọ rẹ̀ á fẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í lè máa hunṣọ, kó máa ṣọ́ ìkòkò, kó sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ níwájú yàrá baálé. Kò sí ohun tó kọjá lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò gba iwájú rẹ̀ kọjá.

Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an, gbogbo ọmọ iléèwé ló mọ ìtàn Ògúnlọlá ọdẹ, tó tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́nu. Èyí tí wọn kì í pariwo ni ti Lọ́rungbẹ́kún ìyàwó rẹ̀. Nínú ìtàn kan náà, òun ló ń se oúnjẹ tó ń pọn ọtí tí àwọn ọdẹ yòókù fi ń wá jókòó sábẹ́ igi náà bí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé. Ọdẹ mélòó ni ìbá máa kóra jọ sábẹ́ igi nítorí orí òkú? Ìkòkò obìnrin ló kọ́kọ́ dá ìlú yẹn sílẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jiyàn.

Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun ń ti Ìlọrin wá lé àwọn ìlú kéékèèké kiri, Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́. Àwọn tí ìlú tiwọn ti dahoro sá wọ inú odi rẹ̀, wọ́n gbé òrìṣà wọn dání, wọ́n gbé oríkì wọn dání. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí o bá ń rìn láti agboolé kan bọ́ sí èkejì, o lè gbọ́ oríkì Ìjẹ̀rù níbí, kí o gbọ́ ti Ìgbọ́n lọ́hùn-ún, kí o sì gbọ́ ti Ìrẹ̀sà lẹ́yìn ògiri. Ońpetu, ọba Ìjẹ̀rù, ṣì wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́ títí dòní. Ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí, odi wọn ti wó. Ohun tí wọ́n fi mọ ara wọn ni ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ta sì ni? Ọkùnrin ló ni orílẹ̀, ìyàwó ló ń kì í. Ìyàwó tuntun á kọ́ oríkì ilé ọkọ lẹ́nu ìyá ọkọ àti ìyáálé, bó ṣe ń kọ́ ibi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Bó bá ń wẹ ọmọ, á máa ki ọmọ. Bí ọkọ bá ń re oko, á kì í. Bí òkú bá sùn nílé, òun àti àwọn orogún rẹ̀ ni wọ́n á ki olóògbé dé ẹnu sàréè. Bí ogún ọdún bá fi kọjá, ẹni tí wọ́n bí ní ilé ará Ìrẹ̀sà á ti mọ oríkì Ìjẹ̀rù ju àwọn ọmọ Ìjẹ̀rù lọ, á sì tún máa fi ti ilé bàbá tirẹ̀ há a láàárín kí ọmọ má bàa gbàgbé pé apá méjì lòun ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, nígbà tó ti kú. Àwọn ọba àti ajagun ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kó orúkọ àmútọ̀runwá jọ, ó kó oríkì ọkùnrin àti ti obìnrin jọ, ó to orílẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ó ní láti jẹ́ pé bàbá àlùfáà náà dúró ti ìyá kan tó ń wẹ ọmọ, tó ń fetí sílẹ̀.

Ọmọge ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń re ilé ọkọ láyé ìgbà yẹn, ẹkún ìyàwó ló fi ń kúrò nílé. Á máa ti ojúlé dé ojúlé, á fi ewì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, á tọrọ ìre lọ́wọ́ bàbá, á sọ ẹ̀rù tó ń bà á. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, wọ́n á da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Ìyá mi sun tirẹ̀. Ní tèmi, alága ìdúró àti alága ìjókòó ni wọ́n háyà, wọ́n fi gbogbo ọ̀sán náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn àna wa, wọ́n sì pa wá lẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ pé ó burú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo délé ọkọ ni mo tó rí i pé ẹkún yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ẹni tó bá ti sọ ẹ̀rù rẹ̀ síta níwájú gbogbo ilé, gbogbo ilé ti gbọ́, wọn ò lè ní àwọn ò mọ̀.

Láàárín àwọn ìyàwó ilé, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àgbà. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kan ilé ni. Ẹni ogún ọdún tó wọlé léṣìí ni àgbà ẹni ọgbọ̀n ọdún tó wọlé lánàá, ìyẹn á sì kúnlẹ̀ kí i. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, ìkòkò tirẹ̀, àmù omi tirẹ̀. Ọkọ á kó iṣu àti àgbàdo wá láti oko, á fún ìyàwó ní owó tí yóò fi dókòòwò, ó di ọwọ́ rẹ̀. Ọbẹ̀, aṣọ ọmọ, owó oògùn, abẹ́ ìyàwó ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n á máa yípo oúnjẹ ọkọ láàárín ara wọn. Ẹni tí oúnjẹ bá kàn, òun ni yàrá ọkọ kàn. Ọmọ tó bá jẹun ní ojú ààrò kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n. Èyí tó ń jẹun ní ojú ààrò tòdìkejì, ọbàkan ni. Gbogbo wọn jọ ń jẹ́ ọmọ bàbá kan níta, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, kálukú mọ ibi tí àwo rẹ̀ wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ayé agboolé dùn, ẹ bi í pé ta ló ń pọnmi. Ìyàwó tó kẹ́yìn wọlé ló ń kọ́kọ́ jí. Òun ni yóò gbá gbàgede, òun ni yóò relé omi lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó yọ, òun ni yóò lọta fún ìyá ọkọ. Kò sí ìsinmi fún un títí wọn yóò fi gbé ìyàwó mìíràn dé sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí àbúrò bàbá mi gbéyàwó, ìyá ọkọ ìyàwó gan-an kò jó tó òun. Wọ́n máa ń ki ìlú wa ní ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, àwọn ọkùnrin wa a sì máa fi yangàn níbi ayẹyẹ. Ọkà láfún àárọ̀ yẹn, ẹnìkan ló ti bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ti rẹ ẹ́, ó ti sá a lórí àpáta, ó ti gún un, ó ti kù ú, ó sì jí ro ó nínú èéfín nígbà tí ajílété ṣì ń hanrun.

Ọdún 1969 ni wọ́n ní ilé wa kún jù. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sùn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní Gánà láti ayé òyìnbó, pàápàá ní apá àríwá níbẹ̀, ní Tàmálè àti àwọn ìlú tó yí i ká. Owó Gánà àti owó òkè Ọya ló yí ọ̀pọ̀ òrùlé bẹẹrẹ padà sí páànù ní ìlú wa. Òun náà ló gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde láàárín àwọn ilé alámọ̀. Wọ́n á kọ́ ọ tán, wọ́n á tì í pa, olówó rẹ̀ á tún padà síbi ọjà rẹ̀, á di ọdún Iléyá tàbí Kérésì kí wọ́n tó ṣí fèrèsé. Nígbà tó di 18 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tó ti lo ogójì ọdún! Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Nínú ọdún kan náà ni rògbòdìyàn owó-orí ti pa Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ìlú tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ yìí ni àwọn lọ́rì já wọn sí, tàwọn ti ẹrù tó ṣe é dì, pẹ̀lú ọmọ tó gbọ́ Dàgbánì àti Haúsá ju Yorùbá lọ.

Baálé ló ní kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Ìyáálé ló wá ibi tí wọ́n sùn. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe rọrùn: kò bi ọkùnrin tó dé pé ọmọ ta ni bàbá rẹ̀, ìyẹn ò ṣe é pín, bàbá kan náà ni gbogbo wọn ní. Ìyá rẹ̀ ló bèèrè. Ẹni tí ìyá rẹ̀ dáná ní ìhà ìlà-oòrùn gbàgede, ìhà ìlà-oòrùn ni ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń lọ, kódà bí ìyá náà ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Yàrá tó ti di ibùsùn ewúrẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́. Ààrò tó ti tutù, wọ́n tún dáná sí i. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó tó bá wọn nílé fi sọ wọ́n lórúkọ: Ìyá Tàmálè, Ìyá Kùmásí, Ìyá Yẹ́ńdì. Lọ́dọ̀ Ìyá Tàmálè ni mo ti ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà sè tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ Gánà ni. Nígbà tí ìjọba tiwa náà wá lé àwọn ará Gánà lọ ní 1983, tí àwọn èèyàn àdúgbò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Tàmálè kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ lọ fún télọ̀ ará Gánà tó wà lójú pópó wa, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ìgbà tí bàbá bá kú ni ọ̀rọ̀ ojú ààrò máa ń di ọ̀rọ̀ òfin. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni wọ́n ń kà. Ìyàwó ọlọ́mọ kan àti ìyàwó ọlọ́mọ méje, ìpín kan náà ló ń kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, orí ọmọ ni wọ́n ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù ní Èkó lórí dúkìá Suberu Dawodu, tó kú ní 1940, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu. Ní 1958, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba àpapọ̀ dá a nù: ìdí-igi ni àṣà, orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló dára jù. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1962, àwọn adájọ́ ibẹ̀ náà fọwọ́ sí i.

Èmi fẹ́ràn ìdí-igi, mo sì bínú sí i. Ó jẹ́wọ́ pé obìnrin ni òpó tí ilé dúró lé. Ṣùgbọ́n òpó náà kì í gba nǹkan kan. Ní 1957, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ tiwa yẹn ti sọ nínú ẹjọ́ mìíràn pé lábẹ́ àṣà Yorùbá ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Láyé àtijọ́, òun alára ni wọ́n á tún ṣú lópó fún àbúrò olóògbé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi gé ilẹ̀, bí kò bá sì bímọ, kò sí ẹni tí yóò pe orúkọ ọ̀hún mọ́ láàárín ìran méjì.

Mo wà ní girama nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ilé bàbá bàbá mi. Ọ̀sán gbáko ni àwọn ọkùnrin fi jiyàn: àwọn kan ní ìdí mẹ́ta ni, àwọn kan ní mẹ́rin ni. Ohun tó fa àríyànjiyàn ni àbúrò bàbá mi kan tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ìkókó, tí ìyàwó mìíràn sì wò ó dàgbà. Ọ̀dọ̀ ìyẹn ló ti jẹun, ìyẹn ló pè ní ìyá títí ó fi gbéyàwó. Bí wọ́n bá kà á mọ́ ọmọ ẹni tó tọ́ ọ, ìpín àwọn yòókù á pọ̀ sí i. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyáálé. Ó dé tòun ti ìró tó ró mọ́ àyà, kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka: ààrò Àjọkẹ́ nìyí, ti Àṣàkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Àyọ̀ká lábẹ́ ọ̀sán yẹn kí wọ́n tó gé e. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tẹ́, tí ẹnìkan ń gbé alùpùpù sí. Ó ní, “Ti Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ó dáná níbẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀.” Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rí wo lẹ ní?” Ó ní, “Ẹ gbẹ́ ibẹ̀, ẹ ó bá eérú.”

Wọn ò gbẹ́ ẹ. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, alùpùpù sì ní láti ṣí kúrò.

Ohun tó tú agboolé ká kì í ṣe ẹyọ kan. Bowen tó jẹ́ míṣọ́nnárì Bàptísì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ìjọ tó ti ibẹ̀ jáde kò sì fojú rere wo olóbìnrin púpọ̀. Nínú agboolé kan náà, ọkùnrin á máa re mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ìyàwó mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ á máa re ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹyọ kan, egúngún ilé á sì tún jáde bí ọdún bá dé. Dókítà George Green dé ní 1907, ìbímọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, míṣọ́n dá ilé Kersey sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú. Ọmọ bíi ti Àbẹ̀kẹ́ yẹn kò ní láti dúró de àánú orogún mọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955, ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń relé omi gba iléèwé lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, gáàsì àti ògiri fẹ́ǹsì ló parí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń dáná nínú kíṣìnnì tirẹ̀, tó ti géètì pa, ta ni yóò mọ ohun tó ń sè? Ilé bàbá mi ti di fúláàtì mẹ́rin báyìí, ọ̀kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Gbàgede náà ti di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Ìmọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́dọ̀ àwọn obìnrin o. Àwọn ọmọ ilé ọkọ mi ní Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n fi orúkọ agboolé sọ ọ́, wọ́n fi àwòrán bàbá àgbà sí iwájú rẹ̀. Ọmọ ilé nìkan ló wà fún. Ìyàwó kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé lọ́dún yìí ni láti kọ ìran ilé sílẹ̀ látorí bàbá tó tẹ̀ ẹ́ dó. Bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Bí wọ́n bá wá dé ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìyá sí, fóònù mi á dún. Mo kọ́ tèmi lẹ́nu ìyá ọkọ mi, nígbà tí mò ń bá a ṣa ewédú. Ìyá ti kú, èmi ló kù tí wọ́n lè bi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyá Bàbá Alágbẹ̀dẹ? Àwọn Lọ́ńdọ̀nù kọ nǹkan kan, àwọn Ìbàdàn ní irọ́ ni.” Mo sọ orúkọ obìnrin náà fún un, mo sọ ilé tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá ní Pààkòyí, mo sọ ẹni tó bí tẹ̀lé Bàbá Alágbẹ̀dẹ tí kò yè. Mo gbọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá ní, “Ọkọ mi, ẹ kúkú fi mí sórí WhatsApp yẹn, kí n lè máa dá wọn lóhùn fúnra mi.”

Ó ní òun á bi Baálé.